Ọkùnrin Inú Ọkọ̀: Winslow Homer àti Òkun Rẹ̀

Àwọn àgbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀bá omi nílẹ̀ wa ni wọ́n máa ń sọ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìrírí ni ó bí òwe náà. Ẹni tí ó ti di àjẹ̀ mú rí, tí ó sì ti bá ìgbì wọ̀yá ìjà rí, ni ó lè pa irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó kàn lọ gba atẹ́gùn sára létíkun, omi púpọ̀ lásán ni òkun. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni èmi náà fi wo àwòrán etíkun fún ìgbà pípẹ́. Mo kà wọ́n sí ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri: oòrùn tí ó ń wọ̀, igi àgbọn méjì, ọkọ̀ ìgbòkun kan tí ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọn a máa tu ènìyàn lára, wọn kì í sì í bi í ní ìbéèrè kankan.

Iṣẹ́ Winslow Homer, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ni ó gba èrò yìí lọ́wọ́ mi. Bí a bá ń ka àwọn tí wọ́n ya òkun nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní eyín Adépèlé, òun ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni bí ó ṣe di ẹni tí ó mọ òkun wò, àwọn ohun tí ó ru ọkàn rẹ̀ sókè sí iṣẹ́ náà, àti ìdí tí ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ fi kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí a ti lérò lọ.

Ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 1836 ni a bí Homer ní Boston, ìlú èbúté ńlá kan ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà. Henrietta, ìyá rẹ̀, jẹ́ ayàwòrán tí ó máa ń lo ọ̀dà tí a fi omi pò. Òdòdó ni ó sì fẹ́ràn láti máa yà. Lọ́wọ́ ìyá yìí ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí búrọ́ọ̀ṣì. Baba rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ oníṣòwò tí òwò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbè. Ní ọdún 1849, nígbà tí òkìkí wúrà California kàn káàkiri, ó fi ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ó forí lé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ni ó mú bọ̀. Homer kò lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 19, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ J. H. Bufford, tí ó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi òkúta tẹ àwòrán sórí ìwé ní Boston. Iṣẹ́ sísú ni: kí ó tẹ orí ba láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ó máa da àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà kọ. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21 ni ó gba ìdáǹdè, ó sì pinnu pé òun kò ní sin ọ̀gá kankan mọ́ láyé. Ìpinnu yìí kò yẹ̀ títí ó fi kú.

Ìwé ìròyìn Harper's Weekly ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún ní ọdún 1857, ó sì kó lọ sí New York ní ọdún 1859. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861, ìwé ìròyìn yìí ni ó tìtorí rẹ̀ lọ sójú ogun ní Virginia. Ohun tí ó yà níbẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Kì í ṣe àwọn ọ̀gágun lórí ẹṣin nìkan ni ó ń wò. Ó ń wo ọmọ ogun tí ó ń se oúnjẹ, èyí tí ó ń dúró de lẹ́tà láti ilé, èyí tí àárò ìyàwó ń sọ. Ojú ogun ni ó ti kọ́ bí a ti ń wo ènìyàn tí kò sí ohun tí ó lè ṣe ju pé kí ó máa dúró lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà bá a.

Níbẹ̀ náà ni ó ti kọ́kọ́ fojú kan àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wà lóko ẹrú. N kò ní ṣẹ̀tàn: àwọn kan nínú àwòrán tí ó kọ́kọ́ yà fún ìwé ìròyìn kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ìgbà náà fi ń ṣe aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Nínú àwòrán kan tí ó yà ní nǹkan bí ọdún 1866, tí a ń pè ní Near Andersonville, obìnrin dúdú kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé onípákó. Lẹ́yìn rẹ̀ ní òkèèrè, àwọn ọmọ ogun Gúúsù ń kó àwọn ọmọ ogun Àríwá tí wọ́n mú lẹ́rú lọ. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀, kò sì sunkún. Ogun tí yóò sọ bóyá òmìnira ni yóò jẹ́ tàbí ẹrú ni ó ń kọjá lọ níwájú ilé rẹ̀ yẹn. Ní ọdún 1876 àti 1877, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di ohun àtijọ́ níbẹ̀, Homer tún ya àwọn ará Virginia tí wọ́n ti gba òmìnira: àwọn obìnrin tí ìyá àgbà tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ wá kí, àti ọkùnrin kan tí àwọn obìnrin ń rán aṣọ aláràbarà mọ́ lára fún ọjọ́ àríyá. Kò sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín òpònú nínú wọn. Ènìyàn tí ó ní èrò lọ́kàn ni gbogbo wọn.

Ní ti òkun, ìdùnnú ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán Breezing Up, tí ó parí ní ọdún 1876, fi ọkùnrin kan àti ọmọdékùnrin mẹ́ta hàn nínú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Ojú ọjọ́ dára, ẹja wà nínú ọkọ̀, ilé ni wọ́n sì ń lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn àwòrán náà púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni Homer dúró sí, ì bá lówó, ì bá sì gbayì, ṣùgbọ́n bóyá ni èmi ì bá máa kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní ọdún 1880 ó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹni tí ń tọ́jú iná atọ́nà ọkọ̀ ní erékùṣù kékeré kan ní èbúté Gloucester, ó ń wo oòrùn bí ó ti ń wọ̀ sínú omi lálaalẹ́. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ó wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe London ni ó lọ tẹ̀dó sí. Abúlé apẹja kan tí ń jẹ́ Cullercoats, ní etíkun ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ẹnu odò Tyne, ni ó gbé láti ọdún 1881 títí di apá ìparí ọdún 1882. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa lọ sójú òkun. Àwọn obìnrin wọn a máa wa ohun tí a fi ń sẹ́nu ìwọ̀ nínú yanrìn, wọn a máa tún àwọ̀n ṣe, wọn a sì máa gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja kọ́ ẹ̀yìn lọ tà. Bí ìjì bá dé, wọn a dúró sórí àpáta, ọmọ lọ́wọ́, wọn a tẹjú mọ́ òkun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1881, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Iron Crown forí sọ ilẹ̀ nínú ìjì nítòsí ibẹ̀. Homer wà níbẹ̀, ó sì ya bí àwọn olùgbàlà ti ń wa ọkọ̀ wọn lọ sínú ìgbì láti lọ yọ àwọn atukọ̀ nínú ewu.

Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ wa rí, tí ó rí bí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja tí ọkọ pa bọ̀, tí ó sì gbọ́ bí wọ́n ti ń bèèrè ọkọ̀ tí kò tíì dé, yóò mọ ohun tí Homer rí ní Cullercoats. Iṣẹ́ kan náà ni, ẹ̀rù kan náà ni. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni pé etíkun ní olùgbé. Ìlú àwọn kan ni, oko àwọn kan ni, ìtẹ́ òkú àwọn kan sì ni. Láti ìgbà náà lọ, ìdùnnú òṣèréwò kò tún tó o mọ́. Ọ̀dà rẹ̀ dúdú sí i, àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, bí ère tí a gbẹ́.

Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà, kò lè gbé New York mọ́. Ní ọdún 1883 ó kó lọ sí Prouts Neck, ilẹ̀ olókùúta kan tí ó yọ wọ inú òkun ní ìpínlẹ̀ Maine, níbi tí ìdílé rẹ̀ ti ra ilẹ̀. John Calvin Stevens, ẹni tí ń ya àwòrán ilé kíkọ́, ni ó bá a sọ ilé tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sí di ilé ìyàwòrán. Wọ́n fa ilé náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń gbé, wọ́n sì ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí òkè rẹ̀ tí ó kọjú sí òkun. Ibẹ̀ ni Homer wà fún ọdún 27 tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Kò gbéyàwó. Nígbà ooru, àwọn olówó a máa wá gbafẹ́ ní Prouts Neck. Nítorí tiwọn ni ó ṣe kọ ọ́ sára pátákó kan pé ejò àti eku wà ní sàkáání ilé òun. Nígbà òtútù, tí yìnyín bo ilẹ̀, tí gbogbo wọn ti lọ, a máa ku òun àti àwọn apẹja díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ onílé. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn kan rò pé ìmísí máa ń bá ayàwòrán bí ẹni pé ẹ̀mí gùn ún, tí yóò sì dìde tí yóò máa yà. Sùúrù ni ti Homer. Àwòrán West Point, Prout's Neck, tí ó yà ní ọdún 1900, fi ìmọ́lẹ̀ ojú òkun hàn bí ó ti rí ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀; ó sì sọ fún àwọn tí ń bá a tà á pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni òun fi ń ṣọ́ ìṣẹ́jú yẹn kí òun tó lè rí i mú. Òmíràn tí ó fi òwúrọ̀ kùtùkùtù lẹ́yìn ìjì hàn, ọdún 1900 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 1903, nítorí pé irú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wá kì í yọjú lójoojúmọ́. Bí kò bá tíì yọ, a ó dáwọ́ dúró. Bí ọdẹ ti ń ba de ẹran ni ó ń ba de òkun.

Àwọn ọdún tí ó kọ́kọ́ lò ní Prouts Neck ni ó ya àwọn àwòrán tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nínú The Life Line, ti ọdún 1884, ọkùnrin kan àti obìnrin tí ó ti dákú rọ̀ sórí okùn kan láàárín ìgbì méjì, wọ́n ń fà wọ́n bọ̀ láti inú ọkọ̀ tí ó ń rì. Ìborùn pupa obìnrin náà ni atẹ́gùn fẹ́ bo ojú ọkùnrin náà, tí a kò fi lè mọ ẹni tí ó ń gba ènìyàn là. Nínú The Fog Warning, ti ọdún 1885, apẹja kan ṣoṣo wà nínú ọkọ̀ kékeré lójú agbami. Ó ti pa ẹja ńláńlá, ṣùgbọ́n kùrukùru ti ń gòkè bọ̀ ní ọ̀kánkán, ọkọ̀ ńlá tí ó gbé e wá sì wà ní òkèèrè réré. Ó dá àjẹ̀ dúró díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ náà. Ẹja tí ó jẹ́ èrè iṣẹ́ rẹ̀ ni ó tún di ẹrù tí kò ní jẹ́ kí ó yára. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a lè fi kún un.

Bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ya Northeaster ní ọdún 1895, ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ aṣọ òjò ba sórí àpáta, wọ́n ń wo ìgbì tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1901, ó ti fi ọ̀dà pa àwọn méjèèjì rẹ́. Àpáta, ìgbì àti ìhó omi nìkan ni ó kù. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni wọ́n ti yìn ín fún èyí, wọ́n ní ó ti dé ibi tí òkun fúnra rẹ̀ ti tó sọ. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún kan náà tí ó ń pa ènìyàn rẹ́ kúrò ní etíkun Maine ni ó mú ọkùnrin kan ṣoṣo, ọkùnrin dúdú, tí ó gbé e sí àárín òkun mìíràn. Òkun yẹn ni a ń lọ báyìí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1884, ìwé ìròyìn Century rán Homer lọ sí Nassau, olú-ìlú àwọn erékùṣù Bahamas tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kí ó ya àwòrán tí yóò mú kí àwọn olówó máa wá sá fún òtútù níbẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ ṣí i lójú. Ó fi ọ̀dà àti omi yà á wàrà-wàrà, ó sì fi funfun ìwé náà gan-an ṣe ìmọ́lẹ̀. Ó ya àwọn ọkùnrin dúdú tí wọ́n ń rì wọ inú omi lọ mú ìkarahun òkun, àwọn tí ń fi ọkọ̀ wá kànrìnkàn inú òkun, àti àwọn tí ń ṣọdẹ àwọn ẹja ajẹ̀nìyàn tí à ń pè ní ekurá. Ó ya ọgbà olówó kan tí igi àgbọn yọ lókè odi rẹ̀. Ọmọ dúdú kan dúró síta, lẹ́yìn odi, ó ń wò ó. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Santiago ní Kúbà, ní oṣù kejì ọdún 1885. Ẹrú ṣì wà ní Kúbà nígbà náà. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Ta ni àwọn ènìyàn dúdú Nassau yìí? Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjàyí Crowther, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, tí wọ́n sì gbé lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni ó dé Sàró. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n mú ní ìhà Kúbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn inú wọn ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Bahamas. Ogun tí ó fọ́ ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ìṣubú Ọ̀yọ́ ni ó mú kí àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú wọn. Nango ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èyí tí í ṣe Nàgó tí àwọn ará Dahomey àti Bràsíl ń pè wá. Ní Fox Hill, lẹ́bàá Nassau, àdúgbò kan wà tí wọ́n sọ ní Nango Town. Cleveland Eneas, ọmọ Bain Town ní Nassau, kọ ìwé nípa àdúgbò rẹ̀, ó sì fi hàn pé ìran Yorùbá ni òun ti ṣẹ̀ wá. Títí di òní olónìí, àwọn ará Bahamas ṣì ń dá owó jọ, tí wọ́n ń kó o fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan; asue ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni kò mọ èésú nínú wa?

Nítorí náà, nígbà tí Homer jókòó sí etíkun Nassau ní ọdún 1885, tí ó ń ya àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ kékeré, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tí a kó láti ilẹ̀ wa wà láàárín àwọn tí wọ́n ń kọjá lójú rẹ̀.

Lára ohun tí ó yà ní ọdún yẹn ni ọkọ̀ kan tí ìjì ti fọ́, tí àwọn ekurá yí ká. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà. Ọdún 14 ni èrò yìí fi wà ní ìkùn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, baba rẹ̀ kú. Nígbà òtútù ọdún yẹn, ó tún padà lọ sí Nassau, ó sì dé ilé ní ọdún 1899. Ọdún náà ni ó ya The Gulf Stream. Gulf Stream ni orúkọ ìṣàn omi gbígbóná kan tí ó dà bí odò ńlá láàárín òkun, tí ó ń ti ìhà Florida ṣàn lọ sí àríwá. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìgbòkun tàbí ìtọ́kọ̀, ibi tí ó bá wu omi yìí ni yóò gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe àwòrán náà. Ọkọ̀ kékeré kan ni, òpó ìgbòkun rẹ̀ ti kán. Ọkùnrin dúdú kan, tí kò wọ ẹ̀wù, nà sórí ọkọ̀ náà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè. Ìrèké wà káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ekurá ń yí nínú omi níwájú ọkọ̀, wọ́n la ẹnu. Ní ọ̀nà jíjìn lápá ọ̀tún, ìjì ti gbé omi dìde bí òpó láàárín òkun àti ojú ọ̀run. Ní ọ̀nà jíjìn lápá òsì, ọkọ̀ òkun kan ń kọjá lọ. Homer kọ́kọ́ gbé àwòrán náà jáde ní Philadelphia ní ọdún 1900, ó sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ìgbà náà ni ó fi ọkọ̀ tí ó wà ní òkèèrè yìí kún un.

Àwọn tí wọ́n rí i kò fara mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà. Àwọn tí ń bá Homer ta iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí i pé kí ó ṣàlàyé. Èsì tí ó fọ̀ kún fún ẹ̀gàn: ó ní òun ti la omi náà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ó yẹ kí òun mọ nǹkan kan nípa rẹ̀; ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń bèèrè pé wọn yóò gba ọkùnrin náà là, yóò padà sílé, yóò sì máa gbádùn ayé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè àgbà mọ̀ pé kò dáhùn rárá. Ní ọdún 1906, àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Academy of Design rọ Metropolitan Museum ní New York pé kí wọ́n rà á, wọ́n sì rà á ní ọdún yẹn. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ìrèké ni àwọn òyìnbó tìtorí rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí àwọn erékùṣù Káríbíánì. Ekurá ni ẹja tí ó máa ń tọ ọkọ̀ akẹ́rú lẹ́yìn, nítorí òkú ènìyàn tí wọ́n ń jù sínú omi. Ọkọ̀ òkun tí ó ń kọjá ní òkèèrè, àwọn baba ńlá ọkùnrin yìí mọ ohun tí irú rẹ̀ lè gbé wá. Èmi kò rí i bí ẹni tí ó ti inú ìran wa wá ṣe lè wo àwọn nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀ lójú kan náà kí ó sì pè é ní àwòrán ìjì lásán.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù ni ojú ọkùnrin náà. Ẹ rántí apẹja inú The Fog Warning. Ojú rẹ̀ wà lára ọkọ̀ ńlá tí ó ní ìrètí sí. Ọkùnrin dúdú yìí kò wo ọkọ̀ tí ń kọjá. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí i. Kò wo ekurá, kò sì wo àwa tí à ń wò ó. Ó gbé ojú sí apá ọ̀tún, sí ohun kan tí ó wà lẹ́yìn igun àwòrán náà, tí àwa kò lè rí. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì pariwo. Ọkùnrin tí ó ń dúró ni, bí àwọn ọmọ ogun Virginia ti dúró, bí obìnrin ẹnu ọ̀nà ti dúró, bí àwọn ìyàwó apẹja Cullercoats ti dúró. Gbogbo ohun tí Homer ti kọ́ nípa ènìyàn láti ọdún 1861 ni ó dà sí ara ẹnì kan yìí. Alain Locke, àgbà ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwòrán yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ kúrò nínú ìdè ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà ti fi dè é.

Mo gbà pẹ̀lú Locke. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó ń dùn mí. Bí ẹ bá wo ìdí ọkọ̀ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé Homer kọ orúkọ sí i: Anna, àti Key West tí í ṣe ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ ní orúkọ, ó sì ní ìlú. Ọkùnrin inú rẹ̀ kò ní ọ̀kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí Homer yà ní Nassau lọ́dún 1885: àkọlé àwòrán sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún wa, kò sọ ọmọ ẹni tí wọ́n í ṣe. N kò fi èyí bú u. Àjèjì ni, ojú ni ó bá lọ síbẹ̀, ó sì lo ojú náà tọkàntọkàn ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ gbé ayé lọ. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, Homer kò sì mọ ilé náà.

Àwa ni a mọ̀ ọ́n. Àwa ni a mọ ohun tí Nango jẹ́, tí a mọ èésú tí ó di asue, tí a mọ ogun tí ó fọ́ ìlú wo, ní ọdún wo. Bí ẹnìkan yóò bá wo ojú ọkùnrin yìí, tí yóò sọ pé ó ṣeé ṣe kí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ọ̀yọ́, kò yẹ kí ó jẹ́ ará New York ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Homer kú sínú ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní Prouts Neck ní ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1910, lẹ́ni ọdún 74. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Mount Auburn ní Cambridge, nítòsí Boston tí a ti bí i. Ní ọdún 2006, Portland Museum of Art ra ilé náà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò ní ọdún 2012. Ẹni tí ó bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ yóò rí àpáta àti ìgbì kan náà tí ó wò fún ọdún 27.

Àwa náà ní etíkun tiwa, láti Badagry títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nígbà tí ó bá tún di ọjọ́ tí a ó kó àwọn ọmọ wa lọ gba atẹ́gùn níbẹ̀, ó yẹ kí a nawọ́ sí òkun náà, kí a sì sọ fún wọn pé ọ̀nà ni. Kí a sọ ẹni tí ó gba ibẹ̀ lọ fún wọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá mú ìwé àti ọ̀dà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, kí a má ṣe sọ fún un pé igi àgbọn méjì ti tó.